Ẹja Ẹ̀pẹ́ Tó Wọ Bàálù

Òórùn èéfín ẹja ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí ojú mi tó rí Ẹ̀pẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Ìtòíkín, tí atẹ́gùn ọ̀sà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú fèrèsé wọlé, òórùn náà á ti dé: igi tó ń jó díẹ̀díẹ̀, òróró ẹja tó ń kán sórí ẹ̀yinná, àti iyọ̀. Àwọn èrò mìíràn a máa fi ọwọ́ bo imú. Èmi a tún yọ orí síta ni. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí bí òórùn kan bá ti di ọ̀nà oúnjẹ ẹni. Kì í rùn síni mọ́. Títí di òní, ibikíbi tí mo bá ti gbọ́ ọ, inú mi á kàn máa dùn ṣáá, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á sì máa wò mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Nígbà yẹn, kò tíì pẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ni mo wà, ní àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ìkòròdú tí gbogbo wa ń pè ní Ẹsitéètì. Ìdí ẹ̀rọ tó ń di bisikíìtì sínú ọ̀rá ni mo ń dúró sí. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ lọ́jọ́ kan, wọn ò tún un ṣe, wọ́n sì ní kí àwa tó wà nídìí rẹ̀ máa lọ sílé. Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, yàrá kan ni mo gbà ní Ìtamàgà, ní Ìkòròdú kan náà, n kò sì ní ìbátan kankan nítòsí tí mo lè sá tọ̀. Mo sunkún, mo nu ojú, mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, mo ra ẹja yíyan díẹ̀, mo sì gbé e padà sí ẹnu ọ̀nà Ẹsitéètì, mo ń tà á fún àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àánú mi ló ṣe wọ́n. Nígbà tí mo máa padà wá, ẹja ni wọ́n ń béèrè.

Ẹni tí mo ń ra ẹja náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìyá kan tí gbogbo etí ọ̀sà ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja, bí ẹni pé òun nìkan ló ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Opó ni, Mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí ìrun kọjá òun ni, ojú ibi tí ìyá rẹ̀ ti yan ẹja ni òun náà ti ń yan tirẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, àmọ́ ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Èmi ń pè é ní Màmá. Òun ò pe orúkọ mi rí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bi mí léèrè ibi tí mo ti wá, tí mo sì sọ fún un, ó ní, “Ṣé kò sí ẹja ní odò yín ni?” Mo ní ó wà, àmọ́ nílé wa, wọn kì í pa ẹja odò Ọ̀ṣun jẹ. Ó na ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi látòkèèrè, ó ní, “Ìyẹn lẹ ṣe wá ń kó tiwa lọ!” Láti ọjọ́ náà, “Ará Ọ̀ṣun” ni mò ń jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó so wá pọ̀ ju rírà àti títà lọ bẹ̀rẹ̀ ní Ìtamàgà. Mo ní àwọn oníbàárà tó máa ń ra ẹja fún ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Wọ́n á fi ìwé ìròyìn wé e, wọ́n á fi aṣọ wé e, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí, síbẹ̀ àwọn aṣọ́bodè á gbà á lọ́wọ́ wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ní Kánádà tilẹ̀ gba nọ́mbà mi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun máa rà á lọ́pọ̀, pé àwọn èèyàn òun ń béèrè ẹja Ẹ̀pẹ́ ní orúkọ. Àmọ́ ó ní láti jẹ́ ẹja tí wọ́n yan níbi tó mọ́, tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì dì sínú ọ̀rá tó ní orúkọ àti nọ́mbà ẹni tó ṣe é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Níbo ni mo ti fẹ́ rí irú ìyẹn?

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó múlé gbè mí, rédíò ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ni mo bá gbọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́ kí ọjà wọn lè dé òkè òkun. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀yáwó. Ẹni tó bá yege, wọ́n á ra irinṣẹ́ fún un, wọ́n á kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n á sì dúró tì í títí ẹrù àkọ́kọ́ á fi lọ. Aránṣọ náà yọ òwú lẹ́nu, ó ní, “Gráǹtì ìjọba? Àwọn tó mọra wọn ni wọ́n ń fún.” Kó tó sọ̀rọ̀ náà tán, mo ti wà lójú ọ̀nà, mo ń na ọwọ́ sí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́.

Màmá ń ká ẹja nígbà tí mo dé. O mọ bí wọ́n ṣe ń ká ẹja àrọ̀: wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní róbótó, wọ́n á fi ìrù rẹ̀ há ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

“Wọn ò ní gbà á padà?” ó béèrè.

“Rárá, Màmá.”

“Kí ni wọ́n wá ń fẹ́?”

“Wọ́n fẹ́ kí ẹja yín wọ bàálù.”

Ó wò mí, ó wo ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. “Èmi tí n ò tíì wọ̀ ọ́ rí! Ẹja wá fẹ́ ṣíwájú mi!” Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú omi wà nítòsí, ó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, fọ́tò ni wọ́n fẹ́ ya yín. Bí wọ́n bá ti yà á tán, ẹ ò ní rí wọn mọ́.” Màmá ní, “Ṣé fọ́tò ò yẹ mí ni?” Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. A pa òwò wa pọ̀ di ẹyọ kan: òun á yan ẹja, èmi á dì í, èmi á tà á. Mo kọ̀wé ránṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n pè wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, gbọ̀ngàn kan ní Ìkòròdú ni a lọ. Màmá wọ léèsì àlàwọ̀ ewé tó fi ń kírun ọdún, ó fi ìborùn funfun lé orí, ó sì gbé ẹja díẹ̀ dání sínú abọ́ olómorí. Ẹ̀rù bà mí débi pé gbogbo ohun tí mo ti há sórí ló fò lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò, bàbá kan tó wọ gíláàsì, fi sùúrù bi Màmá pé kí ló dé tó fẹ́ tà sí ọ̀nà jíjìn, nígbà tí ọjà rẹ̀ ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Màmá ò ronú jìnnà. Ó ní, “Bí omi bá kún, ẹja á pọ̀, gbogbo wa á yan án lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló máa rà á? Ọ̀pọ̀ là ń dà nù, ọkàn wa á sì bàjẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibi tí èèyàn wà, tí àárò ẹja ń sọ wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wa débẹ̀.” Bàbá náà mi orí. Ó ṣí abọ́ náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì bi wá bóyá wọ́n lè tọ́ ọ wò. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé a wà lára àwọn tí wọ́n mú.

Ààrò ìgbàlódé tí wọ́n rà fún wa tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù ńlá, irin tó ń dán ni, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní àwọn àwo onírin tí a ń to ẹja sí. Ibi kan ṣoṣo tí a lè gbé e sí ni ibi tí àwọn ààrò alámọ̀ Màmá wà. Ó ní kí gbogbo wa dúró ná. Ó lọ fi ọwọ́ pa ẹnu àwọn ààrò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Gbogbo àwọn ẹlẹ́ja etí ọ̀sà ti pé jọ. Obìnrin kan tó ń yan ẹja ní ẹ̀gbẹ́ kejì ké sí i pé, “Ìyá Ẹlẹ́ja, bí ẹ̀rọ òyìnbó bá kọṣẹ́ ńkọ́? Kí lẹ máa fi yan ẹja?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá ní, “Amọ̀ ò tíì tán nílẹ̀.” Ó ní, “Bísímílà,” ó gbé ọkọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì wó wọn. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo ń sọ nínú mi pé, Olúwa, má jẹ́ kí ojú tì wá.

Ìjọba rán ọ̀dọ́bìnrin kan sí wa láti kọ́ wa. Tíṣà ni Màmá ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń fọ ẹja lẹ́ẹ̀mejì, bí a ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́ àti fìlà tó bo irun, bí iná ṣe gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. O yẹ kó o rí Màmá lórí ìjókòó, tó fojú sí ọ̀rọ̀ bí ọmọ iléèwé. Ó fẹ́ràn ààrò náà kíákíá. Àlejò ló sọ ọ́. Bó bá ti dé láàárọ̀, á kí i: “Àlejò mi, ṣé dáadáa lo sùn?” Ó ní láti ìgbà tí Àlejò ti dé, ojú òun kì í ta òun mọ́ bí òun bá lọ sùn. Lóòótọ́ ni, pupa ojú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó wá dà bí ẹni tó dín ọjọ́ orí kù.

Nígbà tó tó àkókò láti fi ẹja ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, inú àwa méjèèjì dùn jù. A ṣa àwọn òbòkún àti àrọ̀ tó tóbi jù lọ ní gbogbo etí ọ̀sà lọ́jọ́ náà, a fẹ́ kí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ̀ pé a kì í ṣe ẹni tí ń ta ẹja wẹ́wẹ́. Àbájáde rẹ̀ jáde: kò yege. Tíṣà gbé ọ̀kan nínú àwọn tí a tọ́jú sílé, ó là á sí méjì. Ara rẹ̀ gbẹ, ó dán, àmọ́ inú rẹ̀ ṣì tutù, nǹkan funfun kan sì ti ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. A mọ̀ pé wọ́n ń fúnni láyè láti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ìyẹn ò bá sì yege, ètò ẹrù àkọ́kọ́ á di ti ẹlòmíràn. Kò sí ààrò amọ̀ mọ́. Ojú ibẹ̀ ti di sìmẹ́ńtì.

Màmá ń fi ìka tẹ ẹran ẹja náà. Mo rò pé ó máa sunkún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. “Ará Ọ̀ṣun, fáàrí la ṣe. Fáàrí ẹja ńlá.” Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn, pé ẹja tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ooru ò lè wọ inú rẹ̀ kó tó di pé ara rẹ̀ le. Kí a lo àwọn tí kò tóbi, kí a sì jẹ́ kí wọ́n tutù pátápátá kí a tó dì wọ́n. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ẹja tí a ò tilẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ la rà. A yan wọ́n, a là wọ́n, a wo inú wọn, a tún yan òmíràn. Nígbà tí Màmá ṣẹ́ ọ̀kan, ó dún bí ẹ̀ka igi gbígbẹ. Tíṣà kó wọn lọ.

Inú ọkọ̀ ni mo wà, lẹ́bàá Ìtòíkín, nígbà tí ìpè Tíṣà wọlé. Gbogbo ohun tó sọ kò ju, “Àǹtí, ó yege o!” Mo pariwo débi pé awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ó yíjú padà, ó ní, “Kí ló dé? Ṣé wọ́n bímọ ni?” Mo ní, “Ẹja wa ni! Ẹja wa yege!” Ìyá kan tó jókòó tì mí wò mí tàánútàánú, ó ní, “Ẹja náà ti ń ṣe ìdánwò báyìí?” Ni gbogbo ọkọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe lè ṣe é, mo ń sọ̀rọ̀, mo ń sunkún, àwọn tí n ò mọ̀ rí ń bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ń kí mi kú oríire. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ náà yọrí, ó ní kí n má gbàgbé òun bí ẹja náà bá wọ yunifásítì.

Mo sá dé etí ọ̀sà, àfi bí mo ṣe bá Màmá lórí ẹní ìrun. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo dúró. Ó ń kírun Àílà, kò yára, kò sì fà á gùn. Mo ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo ń tẹ tòsì, bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó sálámà tán, kò tilẹ̀ dìde.

“Ó ti jáde?”

“Ó ti jáde, Màmá. A yege.”

Ó ní, “Alihamudulilai.” Ó padà forí kanlẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó so ìborùn mọ́ ìdí, ó jáde síta, ó sì fi ohùn tí n ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí ké pe gbogbo etí ọ̀sà. Àwọn obìnrin fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, wọ́n wá. Ẹni tó bi í léèrè ohun tí yóò fi yan ẹja ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn. Òun náà, lónìí, inú Àlejò ló ti ń yan ẹja rẹ̀, àti àwọn mìíràn tí wọ́n dara pọ̀ mọ́ wa, nítorí pé ẹja tí Kánádà ń béèrè ti ju agbára ẹnì kan lọ.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wá kó ẹrù àkọ́kọ́ tí obìnrin oníṣọ́ọ̀bù Kánádà yẹn rà, ọmọ Màmá tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ló gbé páálí àkọ́kọ́ lé èjìká. Òun náà ló ń ya fọ́tò. Ó ya páálí, ó ya ọkọ̀, ó ya ìyá rẹ̀ níwájú, ó yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Màmá, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀.” Màmá ń dúró fún un bí ìyàwó ojú ọ̀nà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. A ń di ẹja lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí fóònù mi dún, nọ́mbà tí n ò mọ̀. Ohùn ọkùnrin àgbàlagbà kan ló béèrè pé ṣé ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja Ẹ̀pẹ́ nìyí, pé Kánádà lòun wà, ara ọ̀rá lòun ti rí nọ́mbà náà. Ó ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ lòun, ọ̀dọ́ lòun wà tí òun ti kúrò nílé, àwọn òbí òun sì ti kú. Ó ní òun se ẹja náà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun jẹ ẹ́ tán, òun jókòó sídìí abọ́, òun ò lè dìde. Mo ní, “Ẹ dúró, sà, ẹ bá ẹni tó yan án sọ̀rọ̀.”

Mo gbé fóònù sí Màmá létí. Ó kọ́kọ́ fi Yorùbá tí a jọ ń sọ kí i, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà, tó bọ́ sínú èdè Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. N kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Wọ́n ń wá ara wọn kiri nínú ìdílé: ìyá ta ni, ilé ta ni, ìsàlẹ̀ ibo. Wọn ò rí ibi tí wọ́n ti bára wọn tan. Síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ìbejì. Nígbà tó yá, Màmá dìde dúró, ó na ara rẹ̀, ó sì béèrè ohun kan tí mo gbọ́ dáadáa: “Iyọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má tijú, ẹ sọ òótọ́ fún mi.” Ọkùnrin náà ní ó pọ̀ díẹ̀. Màmá mi orí bí ẹni pé ọkùnrin náà dúró níwájú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun. A ó dín in kù. Ẹ fi ọkàn balẹ̀, a ó dín in kù.”

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni gráǹtì ìjọba ṣe fún wa. Mo lè sọ ti ààrò, mo lè sọ ti àyẹ̀wò àti ti bàálù, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ gbogbo. Àmọ́ Màmá tó dúró ṣánṣán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí fóònù wà létí rẹ̀, tó ń ṣèlérí fún oníbàárà tí kò lè rí láéláé, òun ni mo máa ń rántí. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí mo bá ń pe òkè òkun, bí ibi tí owó wà ni mo ṣe ń pè é. N kò rò ó pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń dá jókòó sídìí abọ́, pé ọwọ́ wa lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí òun náà sì pè wá padà. A dín iyọ̀ náà kù. Bí a bá sì ń di ẹja báyìí, tí ọwọ́ mi bá fẹ́ yára jù, Màmá á kàn gbójú sókè. “Dì í dáadáa, Ará Ọ̀ṣun,” á ní. “Ẹnì kan máa jẹ ẹ́.”